Epo Inú Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí ilẹ̀ kò sì jọ ilẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni pé tìmùtìmù ni mo ń tẹ̀. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fóònù tó ń jí mi ni. Mo fi èékánná ha àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo rí i pé mo ń ha á, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí mo ń ha ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Mo máa sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lára mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, máa ń sọ pé mo ń ṣàlàyé jù. Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi, lẹ́yìn náà ìríra. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́, mo jókòó, n kò sì lè dìde mọ́. Orúnkún mi kọ̀. Mo di garawa mú, garawa dojú dé, omi àti ohun tí kò yẹ kí n dárúkọ dà sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ títí màámi fi wá gbé mi lábíyá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màámi ń fọ ẹsẹ̀ mi, èmi ń wo ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ méje ni ẹ̀rọ fi bá mi mí. Kì í ṣe pé ó ràn mí lọ́wọ́ o. Òun ló ń mí, èmi kàn dùbúlẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ni. Bí dókítà bá ti sọ fún yín pé èèyàn yín yóò lọ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ń sunkún pé ó ti parí, ẹ sinmi ná. Èmi rè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí aláìsàn yín ṣì wà nílé, tí omi kò lọ geere lọ́fun rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí jù. Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Ẹ gbé e jáde nílé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo ṣì lọ síbi iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ti ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rò pé ó rẹ̀ mí náà ni. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń wò mí bí mo ṣe ń ju ẹsẹ̀. "Àǹtí ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ," ni ọ̀kan wí, ni gbogbo wọn bá ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ kiri kíláàsì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán, n kò lè gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ́fíìsì. Obìnrin tó ni ilé ìwé ní kí n máa lọ sílé, kí n má baà kó o ran àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ̀dá Délé fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nígboro. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé pélébé tí wọ́n kọ mọ́kànlélógójì sí, àwọn tí wọ́n ń pè lọ́wọ́ ṣì wà ní méje. Lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé, òwú tó ní ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, eṣinṣin sì ń ti orí rẹ̀ fò wá bà sí mi létè. N kò ní agbára láti lé e dáadáa. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí wo ojú mi títí.

"Ọmọ yìí, ìwọ kò ṣàìsàn," ni bàbá náà wí. "Wo bí awọ rẹ ṣe ń dán. Ṣé ọkọ lò ń sá fún ni àbí iṣẹ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, bàbá. N kò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

"Ẹsẹ̀ tèmi ti lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá owó ìfẹ̀yìntì wa dúró. Sún síbẹ̀ kí n nà án."

Ó múni rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó kàn mí. Dókítà náà kò wo ẹsẹ̀ mi. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ẹsẹ̀ ni. Ó ní ibà ni àti táífọ́ìdì, pé àìjẹun ló fa ti ẹsẹ̀, ó kọ abẹ́rẹ́ fún mi. Èmi tí mo kàwé, mo ní "Ẹ ṣé, sà," mo sì lọ gba abẹ́rẹ́. Títí di òní, "Ẹ ṣé, sà" yẹn ṣì ń rí mi lára.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú. Ọwọ́ náà ti ń wúwo. Ní ọ̀sán, màámi fún mi ní omi mu, omi náà gba imú mi jáde. Ohùn mi sì yí padà, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n di ní imú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà sí abẹ́ ibí yìí: bí omi bá ń gba imú èèyàn yín jáde, tí ohùn rẹ̀ sì yí, ọ̀fun rẹ̀ ti dákẹ́ iṣẹ́. Ohun tí ẹ bá dà sí i, kò ní mọ ọ̀nà ikùn mọ́.

Ìgbà yẹn ni Màmá Ayépé dé. Ẹ̀gbọ́n màámi ni. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun ló ń gbé wa ró. Epo pupa ló ń ṣe ní Ayépé, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró ti àwọn tó ń se ẹyìn, tó ń fún un, tó ń tọ́ epo wò kó tó wọ kẹ́ẹ̀gì. Epo yẹn ló san owó ilé ìwé mi láti ọdún kìíní dé òpin. Ìjẹ̀bú ni Màmá máa ń sọ, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ bí á ṣe yé gbogbo ènìyàn.

"Níbo ló ti jẹun?" ni Màmá bi màámi kí ó tó jókòó.

"Ó lọ síbi ìkómọjáde ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Odogbolu. Ìgbẹ́ gbuuru ló bá padà dé."

"Ṣé ìwọ náà rí i? Wọ́n ti fi oró fún un jẹ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí iṣẹ́."

Bọ̀dá Délé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú fóònù lọ́wọ́. "Màmá, mo ti pe ọlọ́kọ̀. Mo kà á níbí pé tí ẹsẹ̀ bá kú báyìí tó sì ń gòkè bọ̀, kí a má fi falẹ̀."

"Nínú fóònù yẹn?" Màmá wò ó tòkè tilẹ̀. "Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí ni kí ẹ máa fi rìn, ẹ ó dojú dé ilẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn tó lọ lánàá ńkọ́? Kí ni wọ́n rí? Epo ni ìrọ̀jú. Kò sí oró tí kì í gbọ́ ti epo. Ẹ gbé ife wá."

Mo ní, "Kò lè lọ lọ́fun mi." Bí mo ṣe sọ ọ́, kò jọ ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé wa mọ bí àwọn ìyá ṣe ń rọ ọmọ. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á kó àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bí ife, wọ́n á da àgbo sínú àtẹ́lẹwọ́ náà, wọ́n á wá di imú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ mí, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gbé e mì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe rọ mí nígbà tí mo wà ní ìkókó, màámi máa ń sọ ọ́ pé kò sí ẹni tó mọ ọmọ rọ ní gbogbo agboolé bí ẹ̀gbọ́n òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rọ mí ní Ọjọ́rú yẹn. Ó gbé orí mi sórí itan rẹ̀. Màámi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí kò lè jà. Epo náà gbóná díẹ̀ láti inú oòrùn. Ó bo imú mi. Mo ṣe sùúrù títí tí àyà mi fi fẹ́ bẹ́, nígbà tí mo sì mí, epo ni mo mí sínú.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa yé yín. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ tó tutù nínú ọ̀rá di gbogbo inú àyà mi. Mo fẹ́ wúkọ́, ikọ́ kò wá, nítorí pé wíwú ikọ́ náà ń fẹ́ agbára. Màmá ní, "Ó ti ń lọ, ó ti ń lọ," ó sì tún da ìkejì sí i. Ètè mi ti dúdú kí Bọ̀dá Délé tó ti ọwọ́ Màmá dànù. Epo dà sí gbogbo aṣọ Màmá. Ó bú u, ó ní ó ti ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ gbé wa dé kò ní ẹ̀rọ. Wọ́n fi atẹ́gùn sí mi nímú, wọ́n ní ká máa sáré lọ sí ti ìlú kejì. Ohun tí mo rántí ní ti ìlú kejì náà ni iná funfun, àti ohùn ọkùnrin kan tó ní, "Ẹ mú ẹ̀rọ wá kíákíá, ó ti ń lọ." Lẹ́yìn náà n kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo lajú, páìpù ti wà lẹ́nu mi títí wọ ọ̀nà ọ̀fun. N kò lè mi ìka kan. Ìpéǹpéjú nìkan ló ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àwọn dókítà sọ fún màámi pé iṣan ni: pé ìgbẹ́ gbuuru yẹn ló jí àwọn ohun tó ń bá àìsàn jà nínú ara, wọ́n wá ṣìnà, wọ́n ń gbógun ti iṣan ara mi fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àkókò. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó lè máa gbọ́ yín. Ẹ sọ fún un pé òní jẹ́ ọjọ́ wo. Ẹ má dúró lórí rẹ̀ máa bára yín sọ bí òkú yóò ṣe dé ilé.

Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti inú àyà mi. Ó dúró. Ó gbé rọ́bà náà sókè sínú ìmọ́lẹ̀.

"Màmá, kí ni ọmọ yìí mu kí ẹ tó gbé e wá?"

"Omi," ni màámi dáhùn.

"Omi nìkan?"

"Omi nìkan. Bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní ilé ìwòsàn tó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni."

"Abẹ́rẹ́ kì í dé ẹ̀dọ̀fóró kó pọ́n báyìí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìyí o. Màmá, ẹ bá mi sọ òótọ́."

"Omi ni, ọmọ mi. Ṣé màá pa ọmọ mi ni?"

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń gbọ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ tó ń purọ́ lórí mi. Mo mọ ìdí. Kò fẹ́ kí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni. Ṣùgbọ́n ìríra tó mú mi lọ́jọ́ yẹn kò tíì kúrò. Mo fẹ́ sunkún, ó sì yé mi nígbà náà pé ènìyàn nílò èémí ara rẹ̀ kó tó lè sunkún. Ẹ̀rọ ló ń mí fún mi, ẹ̀rọ kò sì mọ ẹkún. Omi kàn ń ṣàn lójú mi sí etí.

Wọ́n máa ń bi mí pé báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ó máa ń fẹ́ ọ bí ẹni ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, bí o bá ti ṣe tán tàbí o kò tíì ṣe tán. Bí ó bá wù ọ́ láti mí kanlẹ̀, kò sí. Bí iná bá lọ ní ọ̀sán, tí a ń retí jẹnẹrétọ̀, Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ á sáré wá jókòó tì mí, á fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kan sí mi láyà, á sì máa kà á sókè, "Ọ̀kan, èjì, mo wà níbí, ọ̀kan, èjì." Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ìríra ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n máa ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ díẹ̀, rọ́bà á wọlé, gbogbo ara mi á fẹ́ bẹ́, á sì máa dún gbùrù gbùrù bí ẹni ń fa ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ mu. Ohun tó ń jáde ń rùn. Ẹnu mi ń rùn, ahọ́n mi ní èépá funfun. Ìlédìí ni mo ń wọ̀. Ọkùnrin tí kò ju mí lọ lọ́jọ́ orí ló ń yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan láti nù mí, tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Egbò wá dá sí mi ní ìdí láti ara ìdùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ sọ sínú fóònù rẹ̀ níjọ́ kan pé, "Èyí tó ń rùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀." Ó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí dókítà ní kò dára kí páìpù pẹ́ lẹ́nu jù báyìí, pé wọ́n fẹ́ lu ihò kékeré sí mi lọ́rùn kí ó lè gba ibẹ̀ wọlé. Màámi ń sunkún. Màmá Ayépé tó wá wò mí lọ́jọ́ náà ní kò ní ṣẹlẹ̀.

"Ọrùn ọmọ mi kì í ṣe ọ̀pẹ tí wọ́n ń lu ihò sí láti gba ẹmu," ni Màmá wí. "Ohun tí a fún un ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fún un láyè."

"Kí ni ẹ fún un, Màmá?" ni Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ béèrè.

"Àdúrà," ni màámi yára dáhùn.

Bọ̀dá Délé ló fọwọ́ sí ìwé. Wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun náà mọ̀ nípa epo, ṣùgbọ́n màámi ti fi Bíbélì búra fún un pé bó bá la ẹnu, òun máa kú. Ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, kì í lè wo ojú mi. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe lè dí gbogbo ilé lẹ́nu, tó jẹ́ pé èmi tí páìpù dí lẹ́nu nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lu ọrùn mi tán, Bọ̀dá Délé kọ lẹ́tà a, b, d sí ara páálí. Ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá kan èyí tí mo fẹ́, màá di ojú. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: e, p, o.

Màámi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín. "Ẹ wo ọmọ mi, epo Màmá rẹ̀ ló ń wá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré."

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi. "Mosún. Ṣé wọ́n da epo sí ọ lẹ́nu kí ẹ tó wá? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, di ojú lẹ́ẹ̀kan."

Mo dì í. Mo dì í pẹ́, nítorí mo ń bẹ̀rù pé tí mo bá là á báyìí, wọ́n á ní kò kà.

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Àwọn dókítà yí ìtọ́jú padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọ àyà mi, wọ́n sì tún fọ̀ ọ́. Dókítà àgbà ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá pé agbára mi ti ń padà bọ̀, pé ó yẹ kí n ti kúrò lórí ẹ̀rọ tipẹ́, epo tó jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró mi ni kò jẹ́. Ó ní ká ní wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ìyà mi ì bá dín kù. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ojú ló ti èmi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kúrò lórí ẹ̀rọ bí a ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa bá a pàdé, ẹ̀rù ìgbà yẹn burú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ara ti gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n mí. Mo máa ń di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ mú bí ẹni tó fẹ́ rì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá aláìsàn yín wí pé ọ̀lẹ ni. Ní òpin ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀rọ náà dákẹ́, èmi kò dákẹ́. Nọ́ọ̀sì fi ìka dí ihò ọrùn mi kí ohùn lè jáde. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sílẹ̀ fún un. Ohun tó jáde, tó dún bí ti ewúrẹ́, ni "Omi."

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ihò náà ti dí, àpá rẹ̀ wà lọ́rùn mi, mo máa ń fi gèlè wé e bí mo bá ń jáde. Mo ń rìn, mo ń tẹ̀pá. Tí mo bá gun òkè díẹ̀, èémí mi á kúrú. Ohùn mi há. N kò lè fara da òórùn epo pupa mọ́. Bí aládùúgbò bá ń yọ́ epo, mo ń bì. Òróró ni màámi fi ń se ọbẹ̀ tèmi. Nígbà tí Màmá Ayépé wá, tó bi í pé kí ló dé tí ọbẹ̀ fi funfun báyìí, màámi ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Nítorí pé Màmá kò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Màmá ta oko ọ̀pẹ kan nítorí ìtọ́jú mi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ sí mi létí. Ó gbà pé epo òun ló pa oró inú mi, pé ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fà jáde ni oró náà. Gbogbo Ayépé ló ti gbọ́. Wọ́n ń wá ra epo náà fún aláìsàn, kì í ṣe fún ọbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín pé ọkùnrin kan gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti Ibefun, ẹnu obìnrin náà ti wọ́, kò lè gbé itọ́ mì.

"Mo rọ ọ́ bí mo ṣe rọ ìwọ, Àṣàbí. Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Àṣàbí ni oríkì mi, òun ló máa ń fi pè mí. Mo bi í pé, "Báwo ni ara obìnrin náà báyìí, Màmá?"

"N kò mọ̀. Wọn kò tíì padà wá dúpẹ́. O mọ̀ pé ènìyàn kì í moore."

Mo dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bì. Mo sì padà wọlé, n kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ìríra tí mo ti kọ sókè yìí, ti ilé ìyàgbẹ́, ti ìlédìí, ti egbò, kò tó èyí. Mo purọ́ gẹ́gẹ́ bíi màámi, mo tiẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí èmi mọ ohun tó ń ṣe nínú àyà ènìyàn.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ ni Màmá fi ìdúpẹ́ sí, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ayépé. Ó fẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú ìjọ, kí n gbé ìgò epo dání, kí òun jẹ́rìí. Ó ti fi ìgò náà ránṣẹ́ lánàá, ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo fi ọ̀rá méjì wé ẹnu rẹ̀ kí òórùn má baà jáde. Bọ̀dá Délé ní kí n sọ ọ́ níbẹ̀ gan-an, níwájú gbogbo wọn, kí ó lè tán lẹ́ẹ̀kan. Màámi kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Tí o bá sọ fún un pé òun ló fẹ́ pa ọ́, o ti pa á nìyẹn. Kò ní fọwọ́ kan epo mọ́, kò ní gbé ọjọ́ mẹ́ta." Èmi náà mọ Màmá, n kò lè ní màámi ń purọ́ lórí èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n lọ bá a ní òun nìkan? Ṣé kí n bẹ Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ kó bá mi lọ, kí ó má dà bíi pé ọmọ ń bú ìyá? Báwo ni ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó rọ yín dàgbà, tó fi oko rẹ̀ rà yín padà, pé àtẹ́lẹwọ́ kan náà ló dí yín ní èémí? Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé láti àná, gbogbo rẹ̀ ló ń jọ èébú.

Mo ń sọ fún ara mi pé àyè ṣì wà títí di ọjọ́ ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún gbé ẹlòmíràn wá fún un ní Ayépé lọ́la ńkọ́?